Alága Gbádéyan àti Nǹkan Tí Ń Dín Agbára Kù

Ẹni tí kò bá rí Alága Gbádéyan Adépọ̀jù nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìkìrun, kò tíì rí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ rí. Àwa yòókù, ẹsẹ̀ la fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ti Alága kọ́ nìyẹn. Dírẹ́bà á kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Ọ̀pá á jáde. Lẹ́yìn ọ̀pá, bàtà kan á yọjú, á dúró díẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí i. Lẹ́yìn bàtà ni ikùn, lẹ́yìn ikùn ni agbádá, agbádá náà á sì máa jáde, á máa jáde, títí ẹ ó fi rò pé bóyá kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìgbà tí orí bá wá yọ tán ni Bọ́ládélé, akọ̀wé ìgbìmọ̀, á ké pé, "Agbára!" Àwọn kíláàkì, àwọn mẹ́síńjà, àti àwọn tó wá gba láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ á sì dáhùn pé, "Kò ní í dín!"

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Alága yìí ni olórí Ìgbìmọ̀ Ìlọsíwájú Ìlú Mẹ́ta, ìyẹn Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Bí ẹ bá bi mí pé ìlọsíwájú wo ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí lábẹ́ rẹ̀, n óò ní kí ẹ jẹ́ kí n rò ó wò. Ikùn rẹ̀ nìkan ni mo rí tó lọ síwájú.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi "ó" pe àgbàlagbà. "Wọ́n dé," "wọ́n jẹun," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa nílé. Ti Alága le ju ti ilé lọ. Ó pàṣẹ pé "wọ́n" ni kí a máa fi pe gbogbo ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan, dírẹ́bà rẹ̀ sáré wọlé. "Sà, táyà ti jò."

Alága gbójú sókè. "Táyà ta ni?"

"Tiyín ni, sà."

"Táyà mi ti ṣe kí ni?"

Òógùn bo dírẹ́bà. "Wọ́n ti jò, sà. Wọ́n ti jò pátápátá. Wọ́n wà nílẹ̀ níta níbẹ̀, wọn ò lè dìde."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Alága wí. "Lọ bá mi lẹ̀ wọ́n."

Èmi ní tèmi, "ó" ni n óò máa pè é nínú ìtàn yìí. Ó ti gba "wọ́n" tó tirẹ̀ láyé.

Òfin mìíràn tún wà: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó bá wá sí ọ́fíìsì kó tó kí Alága dáadáa. Àgbẹ̀ kan wá láti Òkukù, ó fẹ́ sọ pé pákó afárá kékeré kan ti já. Bọ́ládélé ní kó kọ́kọ́ kí Alága. Ọkùnrin náà kí i, kò tó. Ó kí bàbá rẹ̀, kò tó. Ó kí bàbá ìyá rẹ̀, Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn rẹ̀ bọ̀ ni nígbà tí lọ́rì iṣu kan wọ odò. Wọ́n yọ dírẹ́bà láyọ̀, wọ́n sì rí iṣu díẹ̀ ṣà. Ìgbìmọ̀ ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jíròrò títí, wọ́n wá pinnu pé láti ọjọ́ náà lọ, kí àwọn ará Òkukù máa kí Alága kíákíá.

Ilé rẹ̀ ní Ìkìrun kò jìnnà síbi tí ojú irin ti gba ojú títì kọjá. Gbogbo rélùwéè ló máa ń fọn fèrè kó tó dé ibẹ̀, kó má baà pa èèyàn àti ẹran. Bẹ́ẹ̀ làwa rò. Alága mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kí. Bí fèrè bá ti dún, á dìde lórí àga, á ṣí fìlà díẹ̀, á ní, "A dúpẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́." Adédùntán ìyàwó rẹ̀, tó ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tó ṣì jẹ́ tíṣà tí ń gun kẹ̀kẹ́, kì í sọ̀rọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bi í pé, "Bàbá Túnráyọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó màlúù ni tòní o. Ṣé àwọn màlúù náà ń kí yín ni?" Alága ò bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi jẹun alẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká fi Alága sílẹ̀ lórí àga rẹ̀, ká dé Ìnísà.

Nínú sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ kan tó jẹ́ ti ìgbìmọ̀, Matthew Ọ̀ṣuntóyè àti Keziah ìyàwó rẹ̀ ń kan bàálù. Ẹ má pa ìwé dé, mo mọ ohun tí mo wí. Bàálù ni. Àwọn méjèèjì ti gbé ìlú òyìnbó. Matthew ṣe káfíńtà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú kéékèèké, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Keziah kọ́ sáyẹ́ǹsì, òun sì ni tíṣà rẹ̀ níléèwé àwọn obìnrin báyìí. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì dùn mọ́ ọn ju ọ̀rọ̀ aṣọ lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Lóhùn-ún, wọ́n rí àwọn èèyàn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kan bàálù ẹlẹ́ni-méjì nínú gáréèjì, tí wọ́n ń gbé e fò lọ́jọ́ Sátidé. Keziah ní, "Ṣé orí méjì làwọn yìí ní ni?" Bí wọ́n ṣe dé ilé nìyẹn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Matthew kì í sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kí wọ́n tó tú ẹrù wọn tán, gbogbo Ìnísà ti gbọ́ pé ó máa fò.

Wọ́n ti bí Láníkẹ́, ọmọbìnrin wọn, ṣùgbọ́n aládùúgbò gbà pé bàálù yẹn ni àbúrò rẹ̀. Pákó ni ara rẹ̀. Aṣọ funfun ló bo apá rẹ̀, Keziah ló sì rán an láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò kékeré kan ni wọ́n gbé sí imú rẹ̀. Ohun tí tọkọtaya yìí fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ju pé kí ó fò, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ó ku ọ̀rọ̀ pẹtiróòlù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, torí ibẹ̀ ni Alága máa ṣubú sí. Abẹ́ ìjókòó ni táńkì wà, ẹ́ńjìnnì ga jù ú lọ, pẹtiróòlù kì í sì í gòkè fúnra rẹ̀. Pọ́ǹpù ló ń tì í. Pọ́ǹpù méjì ni wọ́n fi sí i: ọ̀kan tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí, èkejì tí bátìrì ń gbé, kí ó lè rọ́pò ti àkọ́kọ́ bí ìyẹn bá kú lójú òfurufú. Àlòkù ọkọ̀ ogun ni ti bátìrì yìí, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ju ti bàálù kékeré lọ. Bẹ́ẹ̀, kabúrétọ̀ tí pẹtiróòlù ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ní ìlẹ̀kùn tín-ínrín kan nínú. Bí pọ́ǹpù bá tì í jù, ìlẹ̀kùn náà ò ní lè padé mọ́, pẹtiróòlù á kún àkúnya, ẹ́ńjìnnì á mu ún yó, á kú. Nítorí èyí ni Keziah ṣe fi rẹ́gúlétọ̀ sáàárín pọ́ǹpù àti kabúrétọ̀. Nǹkan roboto ni, irin tó ń dán, kò tóbi ju agolo ìpara lọ, ó sì ní sikúrúù lórí tí wọ́n fi ń dín agbára kù tàbí tí wọ́n fi ń fi kún un.

Keziah á tan pọ́ǹpù, á wo géèjì tó ń fi bí agbára náà ṣe tó hàn, á yí sikúrúù díẹ̀, á tún wo géèjì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

"Fi kún un," ni Matthew wí.

"Rárá."

"Díẹ̀ sí i náà, Keziah."

"Bàbá Láníkẹ́, bí ẹ bá fẹ́ ohun tó pọ̀, ẹ lọ pọnmi wá."

Wọ́n so ìrù bàálù mọ́ òpó, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi pọ́ǹpù kan gbìyànjú rẹ̀, wọ́n fi méjèèjì gbìyànjú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ géèjì dúró níbi tí Keziah fi ọ̀dà pupa sàmì sí, kò kọjá, kò rẹlẹ̀. Keziah fi sikirudírẹ́bà sílẹ̀, ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó wá wòran, ojú sì ti àwọn òǹwòran.

Àsìkò yìí gan-an ni ìròyìn dé Ìkìrun pé ẹgbẹ́ òṣèlú wa ń wá ẹni tí yóò lọ ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin n'Íbàdàn, àti pé àgbà ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ wá wo àwọn tó yẹ. Alága ò sùn dáadáa mọ́. Ó ti ń rí ara rẹ̀ n'Íbàdàn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tó gùn ju èyí lọ. Bọ́ládélé ló wá tọ́ka sí bàálù Ìnísà fún un. Kó tó di ọ̀sán, Alága ti dúró ní ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ kòkó pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà ìwáṣẹ̀," ni Alága wí, "ni ará Ìkìrun ti ń wo ojú ọ̀run, tí ojú ọ̀run náà ń wo ará Ìkìrun. Kí ló dé tí wọn ò fi tíì pàdé? Kò sí Alága ni!"

"Agbára!" ni Bọ́ládélé ké.

"Kò ní í dín!"

"Lọ́jọ́ tí àlejò wa bá dé, a ó gbé bàálù yìí lọ sí pápá gbalasa tó wà létí ojú irin ní Òkukù. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gùn ún. N óò kọjá lórí Òkukù, n óò kọjá lórí Ìnísà, bí mo bá sì dé orí Ìkìrun, n óò juwọ́ sí ara mi, ìyẹn ni pé n óò juwọ́ sí ilé mi. Orúkọ rẹ̀ ni AGBÁRA. Ẹ kọ ọ́ sí i lára kí ó tóbi."

Matthew ní, "Ẹ ṣeun, sà, ṣùgbọ́n a fẹ́ kọ́kọ́ dá a fò wò, kí a tó gbé èèyàn..."

"Sítọ́ọ̀ ta lẹ wà yìí?" ni Alága bi í.

"Ti ìgbìmọ̀, sà."

"Bí mi ò bá fò lọ́jọ́ náà, a ó wó sítọ́ọ̀, a ó sì fi àáké la ohun tó wà nínú rẹ̀. Igi ìdáná ò tó wa ní ilé àlejò."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ di tipátipá. Keziah fọwọ́ lé apá bàálù títí Alága fi lọ. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní kọ síbí, nítorí ìdílé ìjọ onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Ọjọ́ pé. Wọ́n yọ apá bàálù, wọ́n fi lọ́rì gbé e dé Òkukù, wọ́n tún un tò. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Àwọn ará Ìgbàyè tí a ò pè náà wá. Alága wọ agbádá tuntun kan tí télọ̀ ti fi dá a lójú pé yóò hàn kedere láti ojú ọ̀run. Àlejò dé láti Ìbàdàn, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lo awò ojú, wọ́n sì ń fara balẹ̀ wo ohun gbogbo. Mo pe bàbá yìí ní "wọ́n" nítorí pé wọn ò bèèrè fún un.

Wọ́n ṣí ìdérí imú bàálù. Àlejò bẹ̀rẹ̀, wọ́n nawọ́ sí rẹ́gúlétọ̀. "Nǹkan roboto yìí ńkọ́? Kí ni iṣẹ́ tirẹ̀?"

Ẹ ṣàánú Matthew. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan yìí. Ìtì tí pọ́ǹpù ń ti pẹtiróòlù, wọ́n ní orúkọ tó gún régé fún un lóhùn-ún. Ní èdè tiwa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bọ́ sí i lẹ́nu, ó sì fi ohùn tí gbogbo pápá lè gbọ́ sọ ọ́.

"Òun ló ń dín agbára kù, sà!"

Gbogbo pápá dákẹ́.

Matthew rò pé ẹ̀kọ́ náà ló wọ̀ wọ́n lára, ó tẹ̀síwájú. "Agbára ló pọ̀ jù, sà. Bẹ́ẹ̀, kò wúlò fún nǹkan kan bó ṣe pọ̀ yẹn. Bí a bá fi í sílẹ̀, á kàn máa ru sókè, á máa dà sílẹ̀, á sì ba gbogbo nǹkan jẹ́ fún wa. Ìyàwó mi ló ní ká wá nǹkan tí yóò mú un wálẹ̀."

Àlejò wo orúkọ AGBÁRA tí wọ́n kọ gàdàgbà sára bàálù. Wọ́n wo Alága. Wọ́n wá yọ áńkáṣíìfù, wọ́n fi bo ẹnu, èjìká wọn sì ń gbọ̀n díẹ̀.

"Ta ló fẹ́ mú ta wálẹ̀?" Ohùn Alága ti yí padà.

Keziah bọ́ síwájú. "Sà, agbára pẹtiróòlù ni wọ́n ń wí. Kì í ṣe tiyín."

"Agbára mélòó ló wà nílùú mẹ́ta yìí?" ni Alága bi í. "Orúkọ ta lẹ kọ sára rẹ̀?"

"Tiyín, sà."

"Ó parí! Ẹ kọ orúkọ mi síta, ẹ wá gbé ohun tó ń dín mi kù pamọ́ sínú. Lójú àlejò! Ẹ yọ ọ́ kúrò!"

"Bí a bá yọ ọ́, kò ní í ṣiṣẹ́, sà. Pẹtiróòlù á bo ẹ́ńjìnnì. Ó léwu."

"Bọ́ládélé! Àwọn aláàké dà?"

Àwọn lébìrà ìgbìmọ̀ bọ́ síwájú pẹ̀lú àáké léjìká. Wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Keziah wo apá funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, omi lé sí i lójú, inú sì bí i nítorí omi náà. Ó nu ún.

"Ó dáa, sà. Ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò ní í kúrò nílẹ̀, Bàbá Láníkẹ́ ò sì ní í wọ inú rẹ̀. A ó so ìrù rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ yẹn, a ó tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fojú ara yín rí i. Bó bá ṣiṣẹ́, a ó tú u, a ó fò. Kí gbogbo ẹni tó ń mu sìgá kúrò nítòsí. Kí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ sí garawa wá."

Inú Alága dùn. Ó yíjú sí èrò. "Ẹ rí i? Ẹ̀rù agbára náà ti bà wọ́n! Wọ́n fẹ́ so ó mọ́gi!"

Bọ́ládélé fi sípánà yọ rẹ́gúlétọ̀, ó fi rọ́bà so pọ́ǹpù pọ̀ mọ́ kabúrétọ̀ tààrà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó nawọ́ rẹ́gúlétọ̀ sí Alága. Rìbọ́nnì pupa wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé láti fi ṣí ayẹyẹ. Alága ní kí wọ́n fi so nǹkan náà kọ́ òun lọ́rùn. Ó yí kiri kí gbogbo èèyàn lè rí i lórí àyà rẹ̀, tó ń dán yinrin. "A ti mú un!" ni Alága wí. "Ẹni tó fẹ́ dín wa kù, òun rèé lọ́rùn wa!"

Èrò pàtẹ́wọ́. Àwa náà pàtẹ́wọ́. Kí la fẹ́ ṣe?

Wọ́n ti Alága wọ inú bàálù, wọ́n tún ti agbádá rẹ̀ wọlé tẹ̀ lé e, èyí tó pẹ́ díẹ̀. Keziah fi suwíìṣì pọ́ǹpù bátìrì hàn án, ó ní kí ó má fọwọ́ kàn án o. Ṣé ẹ̀yin rò pé ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún irú ẹni yìí? Matthew yí abẹ̀bẹ̀ iwájú, ẹ́ńjìnnì sì gbà. Ó dún gírígírí, koríko ń sùn sẹ́yìn, agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Agbára!" ni Bọ́ládélé ké.

"Kò ní í dín!" ni pápá dáhùn.

Alága nawọ́ síwájú, ó tan suwíìṣì.

Abẹ́rẹ́ géèjì fò kọjá ilà pupa, ó lọ lẹ̀ mọ́ òpin. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Pẹtiróòlù yọ lẹ́nu kabúrétọ̀, afẹ́fẹ́ gbá a mú, ó sì fọ́n gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn sí Alága lójú, sí fìlà, sí agbádá tuntun. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kú. Pọ́ǹpù bátìrì kò kú ní tirẹ̀. Ó ń lù ú lọ, tá-tá-tá-tá, pẹtiróòlù ń ṣàn.

"Ẹ pa á, sà!" ni Keziah pariwo. "Ẹ pa agbára yẹn!"

"Kò sẹ́ni tó lè pa á!" ni Alága dáhùn, ojú rẹ̀ tó ń ta á ti pa dé.

Òórùn pẹtiróòlù dé ọ̀dọ̀ èrò. Ẹnì kan ní, "Iná!" Kò sí iná kankan, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ẹni tó dúró wò ó. Àwọn aláàké ju àáké nù. Bọ́ládélé ló ṣíwájú gbogbo wọn. Wọ́n ní ó kọjá lára mọ́tò Alága, kò sì ráyè kí wọn. Keziah nìkan ló sáré lọ síbi tí gbogbo èèyàn ti ń sá bọ̀. Ó nawọ́ kọjá ikùn Alága, ó pa suwíìṣì, ó ti táńkì. Pọ́ǹpù dákẹ́. Matthew ń da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jáde, sà."

Alága fẹ́ jáde. Agbádá kò gbà. Ó ti wé mọ́ ìjókòó, ó wé mọ́ irin ìwakọ̀, ó kọ́ níbi gbogbo tí nǹkan lè kọ́ sí. Ìgbà yẹn ni obìnrin kan kọjá láàárín àwọn tó ń sá. Adédùntán ni.

"Bàbá Túnráyọ̀, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀."

"Alága kì í bọ́ra síta!"

"Ẹ ó kú sínú aṣọ ni?" Ó yíjú sí Keziah. "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ṣé ẹ ní sísọ́ọ̀sì?"

Keziah fún un ní sísọ́ọ̀sì tó fi gé aṣọ apá bàálù. Adédùntán gé agbádá náà láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé pẹ̀lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí Alága jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ló kù sí i lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ọkùnrin kékeré kan ni. Agbádá ló ti ń tàn wá jẹ láti ọjọ́ yìí wá. Ikùn tí mo ń sọ náà, ìdajì rẹ̀ aṣọ ni.

Èrò ti rí i pé iná ò sí, wọ́n ń padà bọ̀. Wọ́n wò ó. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ títí dòní wá ké láti ẹ̀yìn, bóyá nítorí àṣà, bóyá nítorí àfojúdi: "Agbára!"

Gbogbo pápá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ó ti dín!"

Ẹ̀rín wá bú jáde. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń kí Alága lọ́wọ́ nígbà tí lọ́rì iṣu wọ odò ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Àlejò ti bọ́ awò ojú, wọ́n ń nu ojú. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mi ò sì ní tọrọ àforíjì.

Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, àlejò bi Keziah pé, "Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Kò lè fò mọ́?"

"Yóò fò, sà. Ohun tó kù sílẹ̀ wà lọ́rùn Alága."

Ó lọ dúró níwájú rẹ̀, ó nawọ́. Rìbọ́nnì náà ti mu pẹtiróòlù, kò ṣeé tú. Kí ó tó lè yọ ọ́, Alága ní láti tẹrí ba. Ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba, Keziah sì yọ ọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n fọ gbogbo nǹkan, wọ́n jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ dáadáa. Keziah dá rẹ́gúlétọ̀ padà, ó yí sikúrúù títí abẹ́rẹ́ fi dúró lórí ilà pupa. Wọ́n fi pọ́ǹpù kan gbìyànjú rẹ̀, wọ́n fi méjèèjì. Wọ́n tú ìrù kúrò lára ọ̀pẹ. Matthew kọ́kọ́ dá fò, ó yí pápá po, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé ìyàwó rẹ̀. Bàálù kékeré náà sáré, ó fò díẹ̀, ó kan ilẹ̀, ó wá gbéra, ó sì ń lọ lórí ojú irin sí apá Ìnísà. Wọ́n ní Keziah ń sunkún lókè níbẹ̀, ó sì ń wo géèjì. Àwa tó wà nílẹ̀ kò dúró de ẹni tí yóò ké ká tó dáhùn mọ́, a kàn ń pariwo ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, Oyèwálé, aṣojú Ìnísà, dìde. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, torí pé kíkí Alága ló máa ń gba gbogbo àsìkò ìpàdé. Ó ní, "Mo dá a lábàá pé kí ẹlòmíràn gba ipò Alága, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá gbà á, kí a fi rẹ́gúlétọ̀ sí i." Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Ti Bọ́ládélé ló kọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ akọ̀wé lásán ni, kò ní ìbò. Ó ti ṣètò ìkíni tuntun fún Oyèwálé, ẹni tí wọ́n fi jẹ alága tuntun, ṣùgbọ́n Oyèwálé ní kó jókòó, kó wá lọ bójú tó àtúnṣe afárá Òkukù. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ń fẹnu fọ́nnu ní Ìkìrun, tàbí tí ata bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á ní, "Ẹ bá wa fi rẹ́gúlétọ̀ sí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé náà, fèrè rélùwéè dún. Gbádéyan dìde ní ìdajì, ó rántí, ó tún jókòó.

"Wọ́n ṣì ń kí yín," ni Adédùntán wí, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú rẹ̀.

Ó wò ó bóyá ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, èyí tí obìnrin náà kò gbọ́ láti ìgbà kẹ̀kẹ́.

Ó pẹ́ kó tó yọjú sí Ìnísà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló wá, bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀. Ó kí Keziah, ó kí Matthew, ó béèrè Láníkẹ́, ó yí bàálù po, ó ní òjò ọdún yìí mà pọ̀ o.

"Wọ́n fẹ́ gùn ún," ni Adédùntán wí. "Wọn ò lè sọ ọ́ ni."

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Matthew wí, ó ti ń sáré lọ mú fìlà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Gbádéyan gbé ẹsẹ̀ kan sínú bàálù, ó dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pe Keziah.

"Tíṣà. Nǹkan yẹn ńkọ́?"

"Nǹkan wo, sà?"

"Èyí tí ń dín agbára kù."

Keziah ṣí ìdérí, ó nàka sí i. Gbádéyan bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó fi ìka kan kàn án.

"Ẹ bá mi yẹ géèjì rẹ̀ wò," ni ó wí. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó pọ̀ jù."